Àga Inú Yàrá Yìnyín

Ọ̀jẹ̀túndé ti gbé páálí ẹja kote lé èjìká, ó ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín, kí ó tó rí i pé ènìyàn jókòó sínú rẹ̀.

Obìnrin ni. Orí páálí ṣáwá ni ó jókòó sí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni ó wọ̀. Báàgì tí ó kún fún ìwé wà ní itan rẹ̀. Èéfín òtútù yí i ká, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìròyìn ayọ̀ sí létí.

"Àǹtí," ni Ọ̀jẹ̀túndé pè é. "Ẹja la máa ń kó síbí o."

Obìnrin náà la ojú kan. "Mo rí wọn. A ti kí ara wa."

"Ṣé ẹ fẹ́ ra nǹkan ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ sí i. Màá ra èyí tí mo jókòó lé."

Páálí ń tẹ èjìká Ọ̀jẹ̀túndé, kò sì rántí sọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí ó ti ń ta ẹja yìnyín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó ti bá olè nínú yàrá yẹn, ó ti bá ológbò. Kò tí ì bá ẹni tó wá najú.

"Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́ràn," obìnrin náà wí. "Oòrùn ló mú un. Tí ó bá tutù, á jí."

Nígbà tí ó ṣe, ó dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e. Ó wo ẹsẹ̀ òsì, ó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé rò pé ìtìjú ni, ó sì wù ú. Obìnrin tó mọ ìtìjú kò pọ̀ mọ́, ni ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Kì í ṣe ìtìjú. Motọ́lání, bí obìnrin náà ṣe ń jẹ́, kì í mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà bí kò bá fi ojú rí i. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí Ọ̀jẹ̀túndé tó mọ ìyẹn.

Ó ra ṣáwá tí ó jókòó lé. Kò dúnàá-dúrà. Ó kí i, ó lọ. Ọ̀jẹ̀túndé dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni ó tó sọ páálí kalẹ̀.

Nígbà tí ó tún wá, àga kan ti wà nínú yàrá yìnyín. Àga onígi ni. Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Mushin ni Ọ̀jẹ̀túndé ti rà á, nítorí pé ike á là nínú òtútù, irin á sì jó ènìyàn. Ó fi kóòtù rẹ̀ tó nípọn kọ́ sí ẹ̀yìn àga náà.

"Ta ló ni àga yìí?" ni Motọ́lání bèèrè.

"Ẹja kan ni."

"Ẹja náà mà ní ọlá o."

"Tíṣà ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Surulere. Mo ti wádìí rẹ̀."

Motọ́lání rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga náà mú. Ó wọ kóòtù, ó jókòó. Ọ̀jẹ̀túndé fi òkúta há ilẹ̀kùn kí ó má baà tì, ó sì dúró síbẹ̀ bí ọlọ́dẹ.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàrin ẹja. Ọ̀sán tí oòrùn bá le, Motọ́lání á yà. Á tutù díẹ̀, á sì jáde wá jókòó lẹ́nu ìsọ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀. Kò lè jókòó lásán láì rajà, nítorí náà ó ń ra ẹja.

"Oníyìnyín," ni ó sọ lọ́jọ́ kan, "ilé mi ti kún. Àwọn ológbò àdúgbò ti ń kí mi ní ọ̀gá."

"Ẹ má rà mọ́, kí ẹ kàn máa wá."

"Kí ni màá sọ pé mo wá ṣe?"

"Ẹ sọ pé ẹ wá wo ẹni tó ń ta á."

"Ta ló ní kí n wò ó?" Ṣùgbọ́n ó ti ń wò ó.

Kò pẹ́ tí ‘ẹ’ fi di ‘ìwọ’ lẹ́nu wọn. Motọ́lání ń pe Ọ̀jẹ̀túndé ní Ọ̀jẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé bi í ní oríkì rẹ̀, ó ní Àkànkẹ́, láti ìgbà náà kò tún fi Tíṣà pè é mọ́ àfi tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.

Motọ́lání fúnra rẹ̀ ló sọ àìsàn tó ń ṣe é. Kò dúró dìgbà tí wọn yóò bi í.

"Ẹ́mi-ẹ́sì ni wọ́n ń pè é, Ọ̀jẹ̀, M àti S, lẹ́tà òyìnbó méjì. Ara ènìyàn ní ọmọ ogun tó ń lé àìsàn. Tèmi ló ṣìnà. Okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́, sí ẹsẹ̀, sí ojú, àwọn ọmọ ogun yìí ló ń jẹ èèpo ara rẹ̀. Ọpọlọ á ránṣẹ́, iṣẹ́ náà kò ní dé. Tàbí kí ó dé ní òdì. Kì í ràn, kì í sì í lọ. Òògùn ló ń dì í mú kí ó má sáré."

Ọ̀jẹ̀túndé ronú. "Ìdí nìyẹn tí o fi ń wo ẹsẹ̀ rẹ."

"Ìdí nìyẹn."

"Èmi rò pé ìtìjú ni."

"Èmi? Ìtìjú?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Ọkùnrin kan wà kí o tó dé. Victor. Ó ní ara mi kò dá òun lóhùn, pé mi ò nífẹ̀ẹ́ òun. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé fún un. Ó lọ. Mo sọ fún ẹ kí ìwọ náà lè tètè lọ bí o bá máa lọ."

"Ibo ni n ó lọ?" ni Ọ̀jẹ̀túndé wí. "Ìsọ̀ mi rèé."

Ìyá Ọ̀jẹ̀túndé ń jẹ́ Christianah. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó, abọ́ ẹja kan ṣoṣo ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀ òwò tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe lónìí. Orúnkún ló mú un kúrò lọ́jà. Mushin ni ó jókòó sí báyìí, ó ń dúró de ìyàwó ọmọ.

"Mo gbọ́ pé ara rẹ̀ kò le," ni ó wí nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé wá sọ ti Motọ́lání fún un. "Kí ló ń ṣe é?"

"Ẹ́mi-ẹ́sì ni, Màmá."

Ìyá gbé ọwọ́ lé orí, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀mí èṣù! Àjàní! Ẹ̀mí èṣù, o sì fẹ́ gbé e wọlé?"

"Màmá, n kò pe èṣù. Ẹ́-mi-ẹ́-sì."

"Etí mi kò di. Ẹ̀mí èṣù lo tún pè. Wòlíì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i."

Ọ̀jẹ̀túndé ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Nígbẹ̀yìn ìyá gbà pé àìsàn ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fún un kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

"Ṣé á lè ṣe ìyàwó, Àjàní? Mi ò sọ ti oúnjẹ o. O mọ ohun tí mò ń bèèrè."

Ọ̀jẹ̀túndé dìde láti lọ wá èsì. Láti Mushin ó gba ilé Motọ́lání lọ tààrà.

Ọjọ́ burúkú ló yàn. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Kò sí iná. Motọ́lání ti fi ìdúró kọ́ kíláàsì méjì, ó ti fi ẹsẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé símẹ́ńtì tutù díẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó sọ ọ́ bí òjò. Ìgbà wo ni kí àwọn ẹbí òun wá mọ ẹbí rẹ̀? Kí ni kí òun sọ fún bàbá rẹ̀? Kí ni kí òun sọ fún màmá òun, tó ń bèèrè bóyá ó lè ṣe ìyàwó?

"Ọ̀jẹ̀," ni Motọ́lání wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

"Kí ló rẹ̀ ẹ́?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ọ̀jẹ̀túndé dúró, bóyá yóò fi nǹkan kún un. Kò fi nǹkan kún un. Ó ti di ojú, ó ti gbé orí lé ògiri.

Ẹni tó gúnyán tán á ní ó ti rẹ̀ òun. Obìnrin tó ń kó ẹrù kúrò nílé ọkọ á ní ó ti rẹ̀ òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ojú ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀jẹ̀túndé kò wo ojú. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń wò. Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Kò padà. Motọ́lání náà kò sì wá. Ọ̀jẹ̀túndé ń ta ẹja, ó ń fún àwọn oníbàárà ní ṣéńjì tó pọ̀ jù. Nígbà tí àga inú yàrá yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójú, ó to páálí panla lé e lórí.

Ọ̀sán kan tí oòrùn gbóná bí iná àdògán, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín láti mú kote fún oníbàárà. Motọ́lání ló jókòó sórí páálí ṣáwá, bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kóòtù wà ní ọrùn rẹ̀.

"Ẹ ti gbé ẹja lé àga mi," ni ó wí.

‘Ẹ’ tí ó fi pè é náà dun Ọ̀jẹ̀túndé ju ọ̀rọ̀ àga lọ. Ó dá a padà fún un. "Ẹ̀yin lẹ ní ó ti rẹ̀ yín."

"Ó rẹ̀ mí! Ẹsẹ̀ mi rẹ̀ mí, ojú mi rẹ̀ mí, ahọ́n mi rẹ̀ mí. Ṣé mo pe orúkọ rẹ mọ́ ọn ni?"

Ọ̀jẹ̀túndé wò ó. "Ó rẹ̀ ẹ́ lásán?"

"Kì í ṣe lásán. Ó rẹ̀ mí bí ẹni tí wọ́n yọ eegun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo sú mi, Ọ̀jẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n sọ ọ́."

Oníbàárà ń pariwo níta pé kote òun dà. Ọ̀jẹ̀túndé kò dá a lóhùn. Ó ń kó páálí panla kúrò lórí àga, ó ń kó o bí ẹni pé ilé ń jó. Nígbà tí ó nù ún tán, Motọ́lání dìde. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e, ó wá jókòó síbi tí ó jẹ́ tirẹ̀.

"Mo rò pé Victor kejì ni ẹ́," ni ó wí. "Nọ́ọ̀sì mi ló bi mí pé kí ni mo sọ gan-an kí o tó lọ. Mo sọ fún un. Ó ní, ìwọ tíṣà yìí, o sọ ìyẹn fún ọmọ Yorùbá?"

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Nọ́ọ̀sì Mabel, ní Yaba. Àwa obìnrin tí a ní àìsàn yìí ló ń gbà níyànjú. Mo ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́. Ó ní ó ku ẹ̀kọ́ tí èmi nìkan kò lè dá kọ́. Kí n mú ẹni tó kàn wá."

"Kí ló ń kọ́ yín?"

Motọ́lání wò ó lójú. "Ohun tí màmá rẹ ń bèèrè."

Yàrá Nọ́ọ̀sì Mabel wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan, kò jìnnà sí Tejúoṣó. Apá Warri ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Èbúté Mẹ́tà ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ já geere, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Fáànù ńlá kan ló dojú kọ àga tí àwọn obìnrin ń jókòó sí.

"Oníyìnyín rèé?" ni ó wí. "Jókòó. Kí lo fẹ́ mọ̀?"

Ọ̀jẹ̀túndé wo ilẹ̀. "Wọ́n ní... pé ibẹ̀... pé nígbà mìíràn, ibẹ̀ yẹn..."

"Ibo ni ibẹ̀? Ìbàdàn ni ibẹ̀. Badagry ni ibẹ̀. Nínú yàrá yìí, ibẹ̀ kì í ṣe orúkọ. Ojú ara ni. Sọ ọ́, ẹnu rẹ kò ní bó."

Ọ̀jẹ̀túndé gbìyànjú, òógùn bò ó pẹ̀lú fáànù. Motọ́lání ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ilẹ̀. Kò wo nọ́ọ̀sì. Ọ̀jẹ̀túndé ni ó wò.

"Ojú ara mi máa ń kú nígbà mìíràn, Ọ̀jẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń kú. Ọkàn mi á fẹ́ ẹ, ara mi kò ní gbọ́. Nígbà mìíràn á gbẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀rù á máa bà mí pé ìtọ̀ lè jò. Mi ò ní ṣe bí ẹni tó ń gbádùn tí mi ò bá gbádùn. Mo ṣe é fún Victor, ó sì ti sú mi. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ọ̀jẹ̀túndé ti rí ọkùnrin tó fò sínú odò nítorí ọmọ tó ń rì. Ó ti rí ìyá rẹ̀ tó fi abọ́ ẹja kan tọ́ ọmọ. Kò tí ì rí ẹni tó ní àyà tó obìnrin yìí.

"Mo gbọ́," ni ó wí.

"Ó gbọ́," ni Nọ́ọ̀sì Mabel wí. "Ó dáa. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ìfẹ́ kọ́ ló kú. Okùn tó ń gbé ìròyìn ló bó. Ẹ̀yin ọkùnrin ń rò pé agogo ni obìnrin, pé bí ẹ bá lù ú tí kò dún, ó ti fọ́ nìyẹn. Ìgbà wo ni ara rẹ̀ máa ń yá jù?"

"Òwúrọ̀," ni Motọ́lání wí.

"Ta wá ló ní alẹ́ ni dandan? Ẹ fi alẹ́ sílẹ̀ fún oorun. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lò. Kí yàrá tutù. Kí ó tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí táwẹ́ẹ̀lì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá jò, ìtọ̀ ni. Ta ni kì í fọ aṣọ? Ní ti gbígbẹ, jẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀ níbí, èyí tí wọ́n fi omi ṣe. Kì í ṣe fásílìnì o. Kì í ṣe àdí."

Ọ̀jẹ̀túndé ń mi orí. Ó ti gbàgbé láti tijú.

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ṣe bí àlejò ní ìlú tí o kò dé rí. Má sáré wọ ààfin. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè. Ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, àtẹ́lẹsẹ̀. Ibì kan á dákẹ́, ibì kan á máa jó o, fi ìyẹn sílẹ̀. Ibì kan á sì dùn mọ́ ọn tí ìwọ kò rò. Ó lè yí padà lọ́la. Kí o tún bèèrè. Ẹnu ni ẹ ó fi ṣe ìdajì rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé òògùn kan ló ń pa ìfẹ́ náà, ẹ lọ bá dókítà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín."

"Ọmọ ńkọ́?" ni Ọ̀jẹ̀túndé bèèrè. "Màmá mi ló máa bèèrè."

"Ẹ́mi-ẹ́sì kì í ti ilé ọmọ. Ẹ kàn kọ́kọ́ rí dókítà nítorí òògùn rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan." Ó na ìka sí Motọ́lání. "Lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹ ó máa fi sọ pé ara kọ̀. ‘Ó rẹ̀ mí’ ti ní oníbàárà púpọ̀ jù."

Wọn kò rí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà. Ìsọ̀ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó nígbà tí iná lọ. Ẹ̀rọ yàrá yìnyín kérora, ó dákẹ́. Ọ̀jẹ̀túndé dìde, ó ti ilẹ̀kùn náà pinpin, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Obìnrin kan dé, ó fẹ́ ra panla.

"Ìyáàfin, ẹ máa bínú. Iná lọ. Ẹ padà wá."

"Ẹja wà nínú ibẹ̀ kẹ̀, o kò fẹ́ tà?"

"Ó wà, mà. Ẹ padà wá."

Obìnrin náà pòṣé, ó lọ. Motọ́lání ń wò wọ́n. "Kí ló dé tí o kò ṣí i fún wọn?"

"Bí iná bá lọ, a kì í ṣí ilẹ̀kùn. Òtútù tó wà nínú rẹ̀ á dúró títí iná á fi dé. Kò sí ohun tó ṣe ẹja. Ìṣíkúṣìí ló ń bà á jẹ́."

Motọ́lání yíjú sí i. "Ọ̀jẹ̀. Mo ti rí ọ̀rọ̀ náà."

"Èwo?"

"Iná lọ."

Ọ̀jẹ̀túndé ronú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó bu èérún yìnyín kan nínú abọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì Motọ́lání, ó fi yìnyín náà kàn án ní ẹ̀yìn ọwọ́.

"O gbọ́ ọ?"

"Rárá."

Ó gbé e gòkè sí ìgúnpá. "Ibí ńkọ́?"

"Díẹ̀. Bí ẹni pé ó jìnnà."

Ó fi kàn án lẹ́yìn ọrùn. Motọ́lání fò sókè. "Ọ̀jẹ̀! Ìyẹn wọ mí dé ìdí ọkàn!"

"Mo ti sàmì sí i."

"Èmi ni tíṣà. Èmi ni mò ń sàmì." Ṣùgbọ́n kò gbé ọrùn rẹ̀ kúrò.

Ó wá ku ìyá. Motọ́lání àti Ọ̀jẹ̀túndé lọ kí i ní Mushin. Motọ́lání ra ọsàn dání. Ó wo orúnkún ara rẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìyá ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀mí èṣù yóò yọjú. Ooru pọ̀ nínú pálọ̀ náà.

"Ọ̀jẹ̀," ni Motọ́lání wí. "Iná lọ."

Ìyá gbójú sókè wo gílóòbù. Ó ń tàn. "Ọmọ mi, iná mà wà."

Ọ̀jẹ̀túndé kò dúró ṣàlàyé. Ó mú Motọ́lání wọ yàrá tí fáànù wà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn. Báàgì rẹ̀ ṣubú ní pálọ̀, nǹkan kan bíi tíúbù ọṣẹ ìfọyín sì yí jáde. Ìyá mú un. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìka. Òróró ìyàsímímọ́ ni, ó dá a lójú. Wọ́n ti ń gbógun ti ẹ̀mí náà láì sọ fún òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi ra orúnkún méjèèjì.

Nígbà tí Motọ́lání jáde, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìyá ń na ẹsẹ̀, ó ń ká a.

"Òróró yín yìí lágbára," ni ó wí. "Orúnkún mi ti rọ̀. Wòlíì wo ló fún yín?"

Ọ̀jẹ̀túndé rí tíúbù jẹ́ẹ̀lì náà. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n Motọ́lání jókòó ti ìyá, ó sì sọ fún un. Ó pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú mà ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ohun tí ara òun lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó sọ ti ọmọ. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá wo orúnkún rẹ̀ tó ń dán. Ó wo tíúbù. Ẹ̀rín kékeré kan jáde láti imú rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ìró fi tú nídìí rẹ̀ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Orúnkún mi ti ṣègbéyàwó!"

Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó ti dàgbà ńkọ́? Ṣé ó lè lò ó?"

"Màmá!" ni Ọ̀jẹ̀túndé kígbe.

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Bàbá rẹ kò tí ì kú o."

"Ẹ lè lò ó, mà," ni Motọ́lání wí. "Màá mú tiyín wá."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, èyí tí kì í gbọ́ nǹkan. "Àjàní," ni ó wí, "ọmọ tó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú mi, kò ní parọ́ fún ẹ láé. Lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé à ń bọ̀."

Òwúrọ̀ ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, kí oòrùn tó le, ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Motọ́lání rìn wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó onítìjú," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì Mabel, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀jẹ̀túndé dúró níwájú, ó ń wo ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń bọ̀. Ó mọ ohun tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ná an.

Nígbà tí wọ́n délé, Motọ́lání fi ọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn.

"Iná lọ, ọkọ mi."

"Mo mọ̀." Ọ̀jẹ̀túndé bọ́ bàtà rẹ̀ fún un. Ó tan fáànù. Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sùn bí ọmọdé.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ìrun òwúrọ̀ ti parí ní mọ́ṣáláṣí ìdí ilé wọn, nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé mọ ohun tútù kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó la ojú. Motọ́lání ló jókòó tì í, ó ti ki ọwọ́ bọ omi yìnyín. Ara rẹ̀ yá. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀jẹ̀."

"Hùn?"

"Iná ti dé."

Àìsàn náà kò lọ. Àga onígi náà ṣì wà nínú yàrá yìnyín, láàrin kote àti ṣáwá, kóòtù wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹja lé e.